‘Mo Jẹ̀bi’ ti Ilé àti ‘Mo Jẹ̀bi’ ti Ilé-Ẹjọ́

  

Ohun tí ó mú wa kọ àròkọ yìí kò jìnnà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí a kírun Màgàríbà tán, bàbá ọmọ kan tí ó ti kéwú lọ́dọ̀ wa rí wá bá wa ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Ọmọ náà ti pé ọmọ ọdún 19. Ó bá àwọn kan ru kẹ́ẹ̀gì epo dísẹ́ẹ̀lì láti inú báàjì bọ́ sí etí omi, nítòsí Kirikiri Lighter Terminal, fún owó iṣẹ́ òòjọ́. Wọ́n kó gbogbo wọn. Nígbà tí ọjọ́ tí wọn yóò fojú ba ilé-ẹjọ́ kù díẹ̀, ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní ẹni tó mọ ọ̀nà sọ fún bàbá náà pé: “Ẹ ní kí ó sọ pé òun jẹ̀bi. Wọ́n á bu owó ìtanràn lé e, ẹ ó san án, yóò sì bá yín délé lọ́jọ́ náà gan-an.” Bàbá wá bi wá léèrè pé: “Àáfà, ṣé kí n jẹ́ kí ó sọ ọ́? Ọmọ ní òun kò mọ̀ pé epo tí kò níwèé ni.”

A kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí pé a kì í ṣe lọ́yà. A lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí a gbọ́ níbẹ̀ ni a fẹ́ pín pẹ̀lú yín, nítorí kò sí ilé kan láti Ajégúnlẹ̀ dé Olódì Àpápá tí irú ọ̀rọ̀ yìí kò lè kàn lọ́la.

Fún àwọn òbí tí ń ka ìwé yìí láti ọ̀nà jíjìn, lighter ni orúkọ tí àwọn atukọ̀ ń pe báàjì pẹlẹbẹ tí ń kó ẹrù láti ara ọkọ̀ òkun ńlá wá sí èbúté. Kirikiri Lighter Terminal ni ibi tí irú àwọn báàjì bẹ́ẹ̀ ń já ẹrù sí, létí omi tí ó lọ sí ọ̀nà Badagry. Àwọn aṣọ́bodè ní ọ́fíìsì àṣẹ tiwọn níbẹ̀. Àwọn táǹkì epo ńláńlá wà nítòsí, ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri náà kò sì jìnnà: Maximum tí ó ti wà láti 1955, Medium, àti ti àwọn obìnrin. Nítorí náà, iṣẹ́ òòjọ́, epo, aṣọ́bodè, ọlọ́pàá àti ẹ̀wọ̀n, gbogbo wọn ló wà ní ibi tí ọmọ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ń da àwọn ọmọ wa láàmú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ilé Yorùbá, bí àgbà bá ń bínú, ohun tí a kọ́ ọmọ ni pé kí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, kí ó ní, “Ẹ má bínú, mo jẹ̀bi.” Bí kò tilẹ̀ jẹ́ òun ni ó fọ́ àwo, yóò kọ́kọ́ tọrọ àforíjì ná. Inú àgbà yóò rọ̀, lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà yóò pè é sí kọ̀rọ̀, yóò bi í bí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ gan-an. ‘Mo jẹ̀bi’ ti ilé, ẹ̀bẹ̀ ni. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ‘mo jẹ̀bi’ ti ilé-ẹjọ́ ń ti ilẹ̀kùn ni. Bí adájọ́ bá ti gbà á wọlé, kò sí ẹlẹ́rìí tí a ó pè mọ́, kò sí ìbéèrè tí lọ́yà yóò bi ọlọ́pàá mọ́. Ìdájọ́ ló kù. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa ni ó yá ẹnu rẹ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ yìí jù, nítorí pé lójú rẹ̀, adájọ́ jẹ́ àgbà, ọlọ́pàá sì jẹ́ àgbà.

Òfin mọ ewu yìí. Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣe ọgbà yí ọ̀rọ̀ náà ká, tí kò fi jẹ́ kí adájọ́ gba ‘mo jẹ̀bi’ bí ẹni gba ọ̀wọ̀.

Ọgbà àkọ́kọ́ wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní abala 36. Ó ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí tí a ó fi rí ẹ̀rí pé ó ṣẹ̀. Ó ní a gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn náà fún un ní èdè tí ó gbọ́, lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Ó ní ó lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Bí kò bá gbọ́ èdè ilé-ẹjọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ògbufọ̀, kò sì ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ní 1988, Ilé-Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ gidigidi: ẹni tí a fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ dúró níwájú adájọ́ láìsí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí a ka ẹ̀sùn náà kí a sì túmọ̀ rẹ̀ títí yóò fi yé e, kí òun fúnra rẹ̀ sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Bí a kò bá tẹ̀lé èyí, gbogbo ẹjọ́ náà di òfo, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, bí wọ́n bá ka ẹ̀sùn fún yín ní òyìnbó kíákíá tí kò yé yín, ẹ má fi orí dáhùn. Ẹ sọ pé, “Kò yé mi.” Kì í ṣe àfojúdi.

Ọgbà kejì ni èyí tí a fẹ́ràn jù, nítorí pé òun ni ó kan ọmọ tí ó ru epo yìí. Òfin ìṣẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, tí a ṣe ní 2015, sọ ní abala 274 pé bí ẹnì kan bá ní òun jẹ̀bi, iṣẹ́ adájọ́ kò tíì tán. Adájọ́ yóò kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́. Yóò ní kí olùpẹjọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Yóò wá bi ẹni náà bóyá ohun tí olùpẹjọ́ sọ yìí gan-an ni ó ń gbà pé òun ṣe. Bí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀ṣẹ̀ náà kò bá sí nínú ohun tí ó gbà, adájọ́ kò gbọ́dọ̀ dá a lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Yóò kọ ‘kò jẹ̀bi’ sílẹ̀ fún un, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ní pẹrẹu.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí: ṣùgbọ́n. Bí ọmọ bá ní, “Mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé olè jí i,” kò tíì jẹ̀bi níyẹn. Nínú ẹ̀sùn pé ẹnì kan gba ẹrù olè, mímọ̀ wà lára ẹ̀ṣẹ̀ náà. Bí ó bá ní, “Mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́kọ́ yọ ọ̀bẹ sí mi,” ìyẹn náà kì í ṣe jíjẹ̀bi, ìdáàbòbò ara ẹni ni ó ń sọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ti kọ́ ní àhámọ́ pé kí wọ́n má fi ‘ṣùgbọ́n’ kún un, kí inú adájọ́ lè dùn sí wọn. Ẹni tó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ ti gba ohun tí òfin fi sọ́wọ́ wọn lọ.

Ẹ̀sùn kan tún wà tí ‘mo jẹ̀bi’ nìkan kò tó láti fi dá ènìyàn lẹ́bi. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, bí ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè, bí ẹni náà tilẹ̀ fi ìgbà 10 sọ pé òun jẹ̀bi, ‘kò jẹ̀bi’ ni òfin 2015 ní kí adájọ́ kọ sílẹ̀, kí olùpẹjọ́ sì mú ẹ̀rí wá. Lórí ọ̀rọ̀ igbó náà, àwọn ilé-ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kí ẹnì kan gbà pé igbó ni ó wà lọ́wọ́ òun kò tó. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ó sì jẹ́rìí pé igbó ni lóòótọ́. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí wọ́n bá kó níbi tí ewé kan wà yẹ kí ó mọ èyí.

Ẹnì kan lè wí pé, òfin òyìnbó nìyí, kí ni ó kàn wá ní ilé-kéú? Àwa tí a ka ìwé hadíìsì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun sí wa. Maiz ọmọ Malik wá bá Ànábì, ó ní òun ti ṣe sìná. Ànábì yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gba ìhà kejì yọ, Ànábì tún yí ojú. Ìgbà mẹ́rin ni ó sọ ọ́ kí Ànábì tó bẹ̀rẹ̀ sí bi í ní ìbéèrè: ṣé ara rẹ̀ yá, ṣé orí rẹ̀ pé, ṣé ó mọ ohun tí ó ń sọ. Nígbà tí ìyà sì dé ara rẹ̀ tí ó sá, tí wọ́n lé e bá, Ànábì bi wọ́n ní ìdí tí wọn kò fi fi í sílẹ̀. Inú ìtàn yìí ni àwọn onímọ̀ ti fa á yọ pé, nínú ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun, ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni èyí wà. A kò fi sàríyà dá ẹjọ́ ọ̀daràn ní ìpínlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é ní òkè ọya, gbogbo ayé ni ó sì gbọ́ ti àwọn obìnrin méjì kan. Safiyyatu Hussaini ni ilé-ẹjọ́ sàríyà kòtẹ́milọ́rùn ti Sókótó dá sílẹ̀ ní March 2002. Amina Lawal ni ti Kàtíssínà dá sílẹ̀ ní September 2003. Lílẹ̀ lókò ni ìdájọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn méjèèjì. Nínú ti Amina, wọ́n ní a kò ṣàlàyé ẹ̀sùn náà fún un bó ti yẹ, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ìjẹ́wọ́ rẹ̀ padà, adájọ́ kan ṣoṣo ni ó sì jókòó níbi tí òfin ti ní kí wọ́n pé mẹ́ta. Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè tí adájọ́ àwọn àáfà bèèrè ní Kàtíssínà àti èyí tí òfin ní kí adájọ́ bèèrè ní Èkó, ọ̀kan náà ni: ṣé ó yé e, ṣé ó tinú rẹ̀ wá?

Ó kù ọ̀rọ̀ àhámọ́ ọlọ́pàá, níbi tí ọ̀pọ̀ ‘mo jẹ̀bi’ ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ilé-ẹjọ́. Òfin ìṣẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 2007 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2011, sọ ní abala 9 pé bí ẹni tí a mú bá fẹ́ jẹ́wọ́, kí ọlọ́pàá fi fídíò ká a sílẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀rọ fídíò, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú lọ́yà tí ẹni náà yàn. Òfin ẹ̀rí ti 2011 kò sì gba ìjẹ́wọ́ tí a fi ìnira gbà. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó fi ìfìyàjẹni ní àhámọ́ ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní ìjìyà tirẹ̀. Ìwé ni a ń sọ o. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní òru nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ pé ìwé ní kí a ṣe báyìí, kò ní rí ẹnu sọ fún adájọ́ pé a kò ṣe é báyìí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí ìdúnàádúrà, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní plea bargain. Ó jẹ́ àdéhùn láàrin olùpẹjọ́ àti ẹni tí a fẹ̀sùn kàn: kí ó gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn náà tàbí èyí tí ó kéré sí i, kí ìjìyà rẹ̀ sì fúyẹ́. Òfin fàyè gbà á. Èkó ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú òfin ní 2007, ó sì wà ní abala 75 àti 76. Ìjọba àpapọ̀ fi í sí abala 270 òfin ti 2015.

Kí ìyẹn tó dé, àwọn ẹni ńlá ti jẹ àǹfààní rẹ̀ láìsí òfin tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí rẹ̀. Tafa Balogun, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá rí, gbà pé òun jẹ̀bi ní 2005, oṣù 6 ni wọ́n fún un, pẹ̀lú gbígba dúkìá rẹ̀. Cecilia Ibru tí ó jẹ́ ọ̀gá báńkì gba oṣù 6 ní October 2010, dúkìá tí iye rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù N190 sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí ó bí àwọn ènìyàn nínú jù ni ti January 2013 ní Àbújá, tí kì í tilẹ̀ ṣe àdéhùn bí kò ṣe ‘mo jẹ̀bi’ lásán: ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba kan, John Yakubu Yusuf, gbà pé òun lọ́wọ́ nínú kíkó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá tí ó tó bílíọ̀nù bílíọ̀nù. Wọ́n dá a lẹ́jọ́ ọdún 2 tàbí owó ìtanràn N750,000. Ó san án lọ́jọ́ náà, ó sì lọ ilé. Ariwo ta. Àjọ tó ń bójú tó àwọn adájọ́ ní kí adájọ́ náà lọ rọ́kún nílé fún oṣù 12. Ní 2018 ni ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà sí ọdún 6 ní ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì ní kí ó san bílíọ̀nù N22.9.

Irú ìtàn báyìí ni àwọn ‘mo mọ ọ̀nà’ ń gbé wá bá àwọn òbí. Wọ́n á ní, “Ẹ kò rí àwọn olówó? Wọ́n ní àwọn jẹ̀bi, wọ́n sì lọ ilé.” Ohun tí wọn kì í sọ ni pé àwọn olówó yẹn ní lọ́yà tó jókòó tì wọ́n, tó ka gbogbo ìlà àdéhùn náà. Ọmọ tó ru kẹ́ẹ̀gì kò ní ẹnì kankan.

Ẹ wo ohun tí òfin Èkó ní kí àdéhùn tòótọ́ ní. A gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé náà pé a ti sọ fún ẹni náà kí ó tó fọwọ́ sí i pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́, àti pé kò pọn dandan kí ó jẹ́wọ́ ohunkóhun. Òun, lọ́yà rẹ̀ àti olùpẹjọ́ yóò fọwọ́ sí i, ògbufọ̀ náà yóò fọwọ́ sí i bí ó bá wà níbẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, a ó bi ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ pẹ̀lú. Adájọ́ kò gbọ́dọ̀ bá wọn dá sí ìdúnàádúrà náà. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé iwájú rẹ̀, yóò bi ẹni náà bóyá òótọ́ ni ohun tí ó gbà, àti bóyá kò sí ẹni tó fipá mú un tàbí tó fi ọgbọ́n tì í síbẹ̀. Bí kò bá tẹ́ adájọ́ lọ́rùn, yóò kọ ‘kò jẹ̀bi’, ẹjọ́ yóò sì lọ.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí òun ni ‘mo mọ ọ̀nà’ kò sọ fún bàbá náà: adájọ́ kò sí lábẹ́ àdéhùn olùpẹjọ́. Bí ó bá rí i pé ìjìyà tí wọ́n fẹnu kò sí ti kéré jù, ó lè fún un ní èyí tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹni náà. Ẹni náà lè ní, ó dáa, mo fara mọ́ ọn. Tàbí kí ó ní òun yọwọ́. Bí ó bá yọwọ́, adájọ́ mìíràn ni yóò bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà lákọ̀tun, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ohun tó jẹ́wọ́ nínú àdéhùn náà jẹ́rìí sí i. Ààbò ńlá nìyí, ṣùgbọ́n ẹni tí àdéhùn rẹ̀ wà nínú ìwé nìkan ni ó ní i. Ẹni tí ó bá ẹnì kan fẹnu kò ní ẹ̀yìn tésàn kò ní nǹkan kan. Ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí kò lè ṣe ìlérí ìdájọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ibì kan. Ìdájọ́ tí ó ti ara àdéhùn wá, kò sí pípè é ní kòtẹ́milọ́rùn mọ́, àfi bí a bá ní jìbìtì wà nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ létí omi yóò rántí ọkọ̀ epo ńlá kan, Heroic Idun. Wọ́n mú un ní August 2022 ní Equatorial Guinea, wọ́n sì fà á wá sí Nàìjíríà ní November. Atukọ̀ 26 ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn ará Íńdíà ló pọ̀ jù. Ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt ni ẹjọ́ náà wà. Ní April 2023, wọ́n parí rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn: ọkọ̀ náà gbà pé òun jẹ̀bi, owó ìtanràn mílíọ̀nù N5, mílíọ̀nù 15 dọ́là fún ìjọba, àti ìwé àforíjì. Àwọn atukọ̀ sì lọ ilé. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ti wà ní àhámọ́ nígbà náà. Ṣé ohun tí ó wà lọ́kàn wọn ni wọ́n sọ, àbí ilé ni ó ń wù wọ́n? Àwa kò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní ọmọ ní Medium fún oṣù mẹ́sàn-án mọ bí ìbéèrè náà ti wúwo tó, ìdí nìyẹn tí òfin fi pa á láṣẹ fún adájọ́ láti bèèrè.

Lórí ìdúnàádúrà náà, hadíìsì kan wà tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Ọmọkùnrin kan ń ṣe alágbàṣe lọ́dọ̀ ọkùnrin kan, ó sì bá ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ṣe sìná. Bàbá ọmọ náà lọ bá ọ̀gá ọmọ rẹ̀ dúnàádúrà: 100 àgùntàn àti ẹrúbìnrin kan, kí ọ̀rọ̀ lè parí. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ànábì, ó ní kí wọ́n dá àgùntàn àti ẹrúbìnrin náà padà fún bàbá. Ó fún ọmọ náà ní ìjìyà tí ó tọ́ sí i, ó sì rán Unays lọ bá obìnrin náà kí ó lọ bi òun fúnra rẹ̀ léèrè. Bàbá yẹn kò ṣe é nítorí ìwà búburú. Ìfẹ́ ọmọ ni. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí a ṣe sẹ́yìn adájọ́ kò dúró.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín kò tíì pé 18, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Èkó ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2007. Ilé-ẹjọ́ ọmọdé ni ó yẹ kí ó gbọ́ ẹjọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ pè é ní ẹni tí a dá lẹ́bi bí a ti ń pe àgbàlagbà. Ohun tí ó máa ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n á kọ 19 tàbí 20 sí iwájú orúkọ rẹ̀ ní tésàn, ọmọ náà á sì dákẹ́. Ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ dání lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gba ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ yín, ẹ lọ gbà á.

Ẹni tí kò bá ní owó lọ́yà, Èkó ní Office of the Public Defender tí ó ti wà láti 2000, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbèjà ẹni tí kò ní. Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ wà láti 1976. A mọ̀ pé èrò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ lọ ní àárọ̀ kùtù, kí ẹ sì mú nọ́ńbà ẹjọ́ náà dání.

Ká padà sọ́dọ̀ bàbá tí ó wá bá wa. Nígbà tí lọ́yà ka ìwé ẹ̀sùn náà fún un, ẹ̀rù bà á. Òfin tí wọ́n fi kàn án ni èyí tí ìjọba ológun ṣe ní 1984 lórí àwọn tó ń ṣòwò epo tàbí tó ń gbé e láìgba àṣẹ. Ẹ̀wọ̀n gbére ni ìwé kọ sí i. Lóòótọ́, adájọ́ lè dín in kù. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ náà fi ẹnu gbà, nítorí ìlérí ẹnì kan tí kò ní àṣẹ kankan, nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ pé, akọ̀wé kóòtù ka ẹ̀sùn náà ní òyìnbó. Ọmọ náà ní kò yé òun. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ó ní, “Mo ru epo náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé rẹ̀ pé, n kò mọ̀ pé kò sí.” Adájọ́ wò ó díẹ̀, ó sì kọ ‘kò jẹ̀bi’ sílẹ̀. Wọ́n fún un ní béèlì, ó sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó rí onídùúró tí ilé-ẹjọ́ gbà. Ẹjọ́ náà ṣì ń lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sún un síwájú, bàbá náà kì í tètè dé láti kóòtù, ẹ̀yìn ni ó máa ń bá wa nínú ìrun Màgàríbà.